Ọjọ́ Ìtọ́wò Nílé Dúródọlá

Ẹ̀gbà ọwọ́ ìtọ́wò náà dì mọ́ Mosúnmọ́lá lọ́rùn ọwọ́. Ó gbóná díẹ̀, ó tún tutù, bí ọmọ ajá tó ń gbóòórùn àlejò kó tó gbà pé èèyàn dáadáa ni.

"Ó ti mọ̀ ọ́," ni Màmá Fẹ̀hìntọ́lá wí. "Láti ìsinsìnyí títí oòrùn yóò fi dé orí òpó yẹn, ètò tí o sè fún Dúródọlá, ìwọ la ó fi bọ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe sí i la ó ṣe sí ọ. Kò sí àdínkù, kò sí ojúsàájú."

"Mo ti ṣe tán, mà."

"Ẹni tó ṣe tán kì í mi ẹsẹ̀ báyìí."

Mosúnmọ́lá wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Lóòótọ́ ló ń mì. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ orúnkún mọ́lẹ̀. Bùọ̀dá Ṣówándé, olùtọ́jú tó ń ṣiṣẹ́ nílé náà, rẹ́rìn-ín láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Ẹ jẹ́ kó mì ín, Màmá. Ẹni tí ọbẹ̀ rẹ̀ kò bá já a láyà, ẹ má bá a jẹun."

"Kò sí ohun tó ń já mi láyà, Bùọ̀dá Ṣówándé. Ààmì méjìdínlọ́gọ́rùn-ún ni mo gbà."

"Mo gbọ́. Gbogbo ìlú Ọ̀sàgbèmí ló gbọ́. Ẹja inú ọ̀sà pàápàá ti gbọ́, wọ́n ń bá ọ yọ̀."

Lókè orí wọn, wọ́n kọ òfin ìtọ́wò sára ògiri gàdàgbà, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú gbogbo ilé irú èyí káàkiri orílẹ̀-èdè: ẸNI TÓ SÈ É NI KÓ KỌ́KỌ́ TỌ́ Ọ WÒ. Wọ́n ní láyé àtijọ́, èèyàn lè jókòó sínú yàrá olóòtútù kan, kó kọ bí ẹlòmíràn yóò ṣe máa jí, bí yóò ṣe máa jẹun, àti ta ni yóò dì í mú nígbà tí inú bá ń bí i, kó buwọ́ lù ú, kó sì gba ilé rẹ̀ lọ. Mosúnmọ́lá kì í lè ro irú ayé bẹ́ẹ̀ dópin. Létí tirẹ̀, ó dà bí ìtàn ìgbà tí àwọn èèyàn ń mu omi odò láìsè é.

Màmá Fẹ̀hìntọ́lá wà lára àwọn tó yí ayé yẹn padà. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó ṣe ètò kan tó ní kí wọ́n máa wọ ìbọ̀wọ́ onítìmùtìmù fún ẹni tó bá ń lu orí ara rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ ìtọ́wò, wọ́n wọ̀ ọ́ fún òun náà. Eṣinṣin bà lé e nímú, kò lè lé e. Omi ojú dà á, kò lè nù ún. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ní kí wọ́n dáná sun ìbọ̀wọ́ náà, láti ọjọ́ náà ni wọn kò sì ti wọ̀ ọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Mosúnmọ́lá ti gbọ́ ìtàn yìí láti kékeré, bí àwọn ọmọ mìíràn ṣe ń gbọ́ ìtàn àwọn jagunjagun. Òun nìyí lónìí, tí ó jókòó níwájú obìnrin náà, tí ó sì ń gbóòórùn àdí tó fi para.

"Ìtọ́wò ti bẹ̀rẹ̀," ni Òṣùwọ̀n wí. Ẹ̀rọ gíláàsì kan ni, ó rí roboto bí akèrègbè, ó so rọ̀ láti òrùlé, ìmọ́lẹ̀ ń rìn nínú rẹ̀. "Ètò Dúródọlá Kúyẹ̀mí. Ààmì méjìdínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Kú iṣẹ́ fún ara rẹ, aláròyé," ni Ṣówándé kùn lábẹ́ eyín.

Ẹni tó ni ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó kẹ́yìn sí wọn. Ọkùnrin gàgàrà tó ti lé lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún ni Dúródọlá. Aláìkánjú ni wọ́n ń pe irú rẹ̀ nílùú náà, ìyẹn àwọn tí òye wọn kì í kánjú. Òfin kò gba kí ẹnikẹ́ni pe Aláìkánjú tó ti dàgbà ní ọmọdé, nítorí náà Bùọ̀dá ni Mosúnmọ́lá ń pè é, ó sì ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀. Ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Àpá eyín wà lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún, eyín òun fúnra rẹ̀ sì ni.

Ilé ìyá rẹ̀ ni ilé yìí. Ó léfòó lórí ọ̀sà láàrin àwọn ilé yòókù, òrùlé gbogbo wọn ń mu oòrùn bí ewé. Nígbà tí ìyá náà kú, Ìgbìmọ̀ ìlú kó àwọn olùtọ́jú wá, kí Dúródọlá má baà kúrò níbi tí ó mọ̀. Ṣùgbọ́n ìjà pọ̀ jù. Bí ètò kò bá gba òǹtẹ̀ lónìí, ọkọ̀ ojú omi funfun ni yóò gbé e lọ sí Ilé Ìdákẹ́jẹ́ lókè ọ̀hún, níbi tí ilẹ̀kùn kò ti ní ọwọ́ nínú, tí wọ́n sì ń fi oorun wo gbogbo àìsàn.

Ọkọ̀ mìíràn ń bọ̀ wá gbé Mosúnmọ́lá, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ayọ̀ nìyẹn. Àga kan ṣófo ní Gbọ̀ngàn Àwọn Aṣètò, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ètò fún gbogbo orílẹ̀-èdè, wọ́n sì ti sọ pé tirẹ̀ ni, bí ó bá ti jáde nínú ìtọ́wò yìí.

"Sọ ọkàn ètò rẹ fún mi," ni Màmá Fẹ̀hìntọ́lá wí. "Má sọ ẹ̀ka. Ọkàn rẹ̀ ni mo fẹ́."

"Ìdágbére ni, mà. Nígbàkígbà tí èèyàn bá ti dágbére fún Bùọ̀dá Dúródọlá, Bùọ̀dá fúnra wọn á sáré lọ sí etí omi. Bí a bá dá wọn dúró, wọ́n á jìjàkadì, wọ́n á sì gé ọwọ́ ara wọn jẹ. Gbogbo ìgbà ló ń rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, èmi àti Òṣùwọ̀n yọ ìdágbére kúrò. Ẹni tó bá ń lọ, kó rọra yọ́ lọ. A gbé èbúté lọ sí ẹ̀yìnkùlé, a sì ti ilẹ̀kùn iwájú tó kọjú sómi."

"Ṣé ìjà dín kù?"

"Ó dín kù gan-an, mà! Níbẹ̀rẹ̀, ńṣe ni ilé pa lọ́lọ́. Ibẹ̀ ni ààmì náà ti wá."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Ó tún gbé orí. Bùọ̀dá wá ń di àwọn olùtọ́jú láṣọ mú. Wọ́n ń fọ́ ife. Mo rò pé àwọn olùtọ́jú ni kò tẹ̀ lé ètò dáadáa."

"Ta ni kò tẹ̀ lé ètò?" Ṣówándé jáde síta pẹ̀lú ìgbákọ lọ́wọ́. "Èmi? Èmi tí mo ń fi orí ìka ẹsẹ̀ rìn jáde lójoojúmọ́ bí olè adìẹ? Ìyàwó mi ti ń fura sí mi nílé. Ó ní ta ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yọ́ rìn."

Màmá Fẹ̀hìntọ́lá kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká jẹun."

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó dùn. Ṣówándé gbé atẹ edé sílẹ̀, òun àti Mosúnmọ́lá ń bó o. Ó ń sọ ìtàn ewúrẹ́ àna rẹ̀, ewúrẹ́ kan tó kọ̀ láti gbé orí omi, tó ń fò láti ilé kan sí èkejì láti wá ibi tí ilẹ̀ wà. "Ó dé ilé aṣáájú ìlú," ni ó wí, "ó bá aṣọ funfun bàbá náà lórí okùn, ó wò ó, ó ní..." Edé kan bọ́ lọ́wọ́ Mosúnmọ́lá, ó bẹ̀rẹ̀ mú un. Nígbà tó gbójú sókè, kò sí ẹnikẹ́ni níwájú rẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín. Òun náà ló kọ́ wọn, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ń dá bó edé lọ, ó sì ń ro ohun tí ewúrẹ́ náà fi aṣọ bàbá ṣe.

Màmá Fẹ̀hìntọ́lá wá jókòó tì í. Ó bi í léèrè ìyá rẹ̀, ìyá tó dá tọ́ ọ dàgbà pẹ̀lú iṣẹ́ àwọ̀n híhun. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ó sọ ọ́, ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí omi, ó sì yíjú sí fèrèsé láti tọ́ka sí apá ibi tí ilé wọn wà. "Ibẹ̀ yẹn, mà, lẹ́yìn..." Nígbà tó yíjú padà, tìmùtìmù nìkan ló bá, ojú ibi tí àgbà náà jókòó sí ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Lọ́tẹ̀ yìí, kò rẹ́rìn-ín.

Ṣówándé padà dé. Kò sọ ibi tó lọ, kò sì tọrọ gáfárà. Ó bá ìtàn mìíràn lọ, kò sì rántí ewúrẹ́ mọ́. Mosúnmọ́lá ṣàkíyèsí pé òun kò gbọ́ ìtàn náà rárá. Ẹsẹ̀ ọkùnrin náà ni òun ń wò. Bí ẹsẹ̀ bá ti yí díẹ̀, àyà rẹ̀ á já. Nígbà tí Ṣówándé dìde lọ bu omi, òun náà dìde tẹ̀ lé e. Nígbà tó wọ ilé ìdáná, òun náà wọ̀ ọ́. Nígbà tó wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, Mosúnmọ́lá dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹ̀ṣọ́.

"Àǹtí Aṣètò, ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí kò gba ènìyàn méjì," ni Ṣówándé ké láti inú.

"Ṣé ẹ wà níbẹ̀?"

"Níbo ni ǹ bá tún wà?"

"Ẹ ṣáà máa sọ̀rọ̀."

Nígbà tí Ṣówándé jáde, Mosúnmọ́lá di apá aṣọ rẹ̀ mú. Kò mọ ìgbà tó dì í mú. Ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ gbóná, Òṣùwọ̀n sì tan ìmọ́lẹ̀ pupa.

"Ìdìmọ́ni, ìpele kìíní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọkàn balẹ̀." Ìkùukùu olóòórùn efinrin tú jáde láti ara ògiri. Ó tutù, ó sì mú kí ojú rẹ̀ wúwo, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù rẹ̀ kò kúrò. Ńṣe ni ó kàn dà bí ìgbà tí wọ́n fi aṣọ bo ẹni tó ń ké lójú.

Ṣówándé rọra tú ìka rẹ̀ kúrò lára aṣọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ètò ṣe wí. Ó gbé ife omi ọsàn lé e lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí ètò ṣe wí. Kò fẹ́ kí ojú òun àti ti Mosúnmọ́lá pàdé. Mosúnmọ́lá mu ẹ̀kan, ó mu ẹ̀ẹ̀kejì, ó sì gbọ́ tí ìkọ́ ọkọ̀ ṣí lẹ́yìnkùlé: kẹ̀kẹ̀. Yàrá ṣófo.

Ó ju ife náà lu ògiri.

Ó fọ́ yángá, omi ọsàn sì ń ṣàn wálẹ̀ lórí òfin tó wà lára ògiri. Mosúnmọ́lá dúró, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni wọ́n rán mọ́ ọn. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti bí i, kò ju nǹkan rí.

"Ìfọ́ǹkan, ìpele kejì," ni Òṣùwọ̀n wí pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́. "Gbogbo ènìyàn, ẹ yẹra fún un."

Ẹnì kan kò yẹra. Dúródọlá dìde níbi fèrèsé, ó wá, ó fi ẹsẹ̀ gbá àwọn àfọ́kù jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítòsí rẹ̀. Ìgbà náà ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé Mosúnmọ́lá pé láti àárọ̀, nínú gbogbo wọn, ẹnì kan ṣoṣo tí kò pòórá mọ́ òun lójú ni ọkùnrin tí wọ́n ní ó ń da ilé rú.

"Wọ́n lọ," ni Dúródọlá wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bùọ̀dá. Wọ́n lọ."

Ó mi orí, bí ẹni tó fẹ́ sọ pé: o ti rí i báyìí. Lẹ́yìn náà, ó na ọwọ́ sí aṣọ fèrèsé, ó tú okùn tí wọ́n fi so ó. Ó mú àwo òfìfo kan lórí tábìlì, ó gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó fi okùn náà yí àwo ká, ó so orí kejì mọ́ ẹsẹ̀ àga, ìka rẹ̀ ńlá náà sì yára, ó já fáfá, débi pé Mosúnmọ́lá kò rí bí kókó náà ṣe di kókó. Èyí ni ìka tí Òṣùwọ̀n kọ sí ìwé pé kò lè di bọ́tìnì.

Ó dúró díẹ̀. Ó tú kókó náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ká okùn, ó fi ẹsẹ̀ ti àwo náà jẹ́jẹ́. Àwo yọ̀ lọ lórí ilẹ̀ títí ó fi kan ògiri. Dúródọlá gbé ọwọ́ sókè sí i, ó ń wò ó títí ó fi dúró pátápátá. Lẹ́yìn náà, ó lọ mú un wá, ó sì tún un ṣe. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò bínú, kò kánjú. Ó ń kọ́ ọ ni.

Kò sí ọmọ Ọ̀sàgbèmí tí kò mọ ohun tó ń ṣe. Láti ìgbà tí ìlú ti ń léfòó ni àlejò tó bá fẹ́ lọ kì í tú okùn ọkọ̀ ara rẹ̀. Onílé ló ń tú u. Àwọn ọkọ̀ òde òní ní ìkọ́ tó ń ṣí fúnra rẹ̀, síbẹ̀ àlejò ṣì ń so okùn ẹ̀yẹ mọ́ òpó, onílé á sì wá tú u, á fi ẹsẹ̀ ti ọkọ̀, á dúró títí ojú rẹ̀ kò fi ní rí i mọ́. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ mọ́ wọn nínú: bí onílé bá ti tú okùn ẹ̀yẹ, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ lọ.

Mosúnmọ́lá rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ń dágbére, ọkùnrin náà sì ń sáré lọ sétí omi láti ṣe ohun tí onílé ń ṣe. Wọ́n dì í mú, wọ́n ní yóò bọ́ sómi. Ó jà. Mosúnmọ́lá àti Òṣùwọ̀n wá wò ó, wọ́n ní ìdágbére ló ń dun ún, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò. Ìgbà náà ni kò wá sí ẹni tó mọ ìgbà tí ẹnikẹ́ni yóò lọ mọ́. Nínú ilé olùtọ́jú yìí, kò sẹ́ni tó so okùn ẹ̀yẹ rí, nítorí kò sẹ́ni tó rántí bi ara rẹ̀ pé ta ni onílé.

"Màmá!" ni ó ké. "Màmá Fẹ̀hìntọ́lá, ẹ jọ̀ọ́!"

Àgbà náà yọ láti ẹ̀yìnkùlé, Ṣówándé tẹ̀ lé e, ojú tì í bí ẹni tó jí ẹran jẹ. Mosúnmọ́lá sọ ọ́ fún wọn, ọ̀rọ̀ ń kọlu ara wọn lẹ́nu rẹ̀, Dúródọlá sì ń rán àwo rẹ̀ lọ, ó ń mú un bọ̀.

"Orí mi o," ni Ṣówándé wí, ó jókòó lórí àga. "Ọdún méjì ni mo fi ń jáde nílé ọkùnrin láìgba àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ èmi, ǹ bá ti fọ́ ohun tó ju ife lọ."

Màmá Fẹ̀hìntọ́lá kò wo ẹnikẹ́ni bí kò ṣe Mosúnmọ́lá. "Nísinsìnyí, kí lo fẹ́ ṣe? Òṣùwọ̀n ti gba ètò rẹ. Bí mo bá fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ òǹtẹ̀ lé e bó ṣe wà, Dúródọlá yóò máa gbé ilé rẹ̀, ìwọ yóò sì bá ọkọ̀ rẹ lọ. Bí o bá kọ̀ ọ́, kò ní ètò, ọkọ̀ funfun á sì dé."

"Ṣé n kò lè bu omi sọ́bẹ̀, kí n tún ètò náà ṣe, mà?"

"O lè bu ú. Ṣùgbọ́n o mọ òfin. Ẹni tó bá bu omi sọ́bẹ̀ lójú agbo yóò jókòó jẹ ẹ́ tán. Wàá gbé ilé yìí títí òjò yóò fi dá. Bí Dúródọlá bá bọ́ sómi, ọrùn rẹ ni. Àga tó wà ní Gbọ̀ngàn kò sì ní dúró dè ọ́. Ẹlòmíràn yóò jókòó sí i."

Mosúnmọ́lá ronú kan àga náà. Ó ti rí i nínú àwòrán: àga onígi pupa lábẹ́ fèrèsé gígùn, tí ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ ń bà lé. Ó ti jókòó sí i lójú àlá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Lẹ́yìn náà ni ó wo omi. Ọ̀sà jìn níbi ilé yìí, ó sì dúdú. Bí ẹsẹ̀ kan bá yọ̀? Bí ohun tí òun rò bá tún jẹ́ àṣìrò, bí ti àkọ́kọ́ tó gba ààmì méjìdínlọ́gọ́rùn-ún?

Ìgbà náà ni ó rí i pé gbogbo wọn ń jíròrò lórí ọkùnrin náà, ó sì jókòó síbẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Bùọ̀dá Dúródọlá. Ṣé kí n ṣí ilẹ̀kùn iwájú? Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ máa tú okùn?"

Ó pẹ́ kí Dúródọlá tó gbé ìdí kúrò nílẹ̀. Mosúnmọ́lá fẹ́ tún bi í, Màmá Fẹ̀hìntọ́lá sì gbé ìka kan sókè: má kán an lójú. Ọkùnrin náà lọ sí ibi ìkọ́ aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó mú aṣọ ìléfòó, ó wọ̀ ọ́, ó di gbogbo ìdè rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ó mú òmíràn, ó jù ú sí Mosúnmọ́lá. Mosúnmọ́lá wọ̀ ọ́. Dúródọlá wò ó, ó mi orí, ó tú ìdè àárín tí ó dì sódì, ó sì bá a dì í dáadáa.

"Ó yẹ kí wọ́n fi ọ́ sí Gbọ̀ngàn," ni Ṣówándé wí fún Dúródọlá.

"Mo bu omi sí i, mà," ni Mosúnmọ́lá wí. "Ẹ jẹ́ ká ṣí ilẹ̀kùn."

"Àtúnṣe lójú ìtọ́wò," ni Òṣùwọ̀n wí. "Ìdágbére ti padà. Ewu omi wà. Ààmì mọ́kànlélógójì. Mo dábàá pé..."

"A ti gbọ́, ẹ ṣeun," ni Màmá Fẹ̀hìntọ́lá dá a lóhùn. "Ẹ̀rọ yìí mọ ìwọ̀n iyọ̀ o, ṣùgbọ́n kò ní ahọ́n."

Atẹ́gùn ọ̀sà wọlé bí ẹni tí wọ́n ti há mọ́ ìta tipẹ́. Wọ́n pe ọkọ̀ Màmá wá sí iwájú. Obìnrin náà tẹ̀ ba, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ so okùn ẹ̀yẹ mọ́ òpó, ó wọ inú ọkọ̀, ó jókòó. Dúródọlá lóṣòó sétí pákó, omi kò ju ìdajì apá lọ sí i. Ó gbá kókó náà mú. Kò tú u.

Mosúnmọ́lá dúró lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà ní ìmúrasílẹ̀ láti dì í mú.

"A ti ṣe tán," ni ọkọ̀ wí. Dúródọlá kò tú u. Ó ń wo ojú àgbà náà.

"Kí ló kù?" ni Ṣówándé sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ṣé kókó ló le jù?"

Màmá Fẹ̀hìntọ́lá ronú. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ là, ó sì fi ọwọ́ lu itan. Obìnrin tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń bẹ̀rù dìde dúró nínú ọkọ̀, ó tẹrí ba díẹ̀ fún ọkùnrin náà, bí àlejò rere ti í ṣe.

"Ẹ má bínú, onílé. Mo jẹ, mo mu, mo sì yó. Mo fẹ́ máa lọ o. Ẹ jẹ́ kí n lọ."

"Ó dàbọ̀," ni Dúródọlá wí.

Ó tú kókó náà. Ó fi ẹsẹ̀ ti ọkọ̀, kò sì fì síwájú tàbí sẹ́yìn. Ó dìde, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ọwọ́ tí àpá eyín wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì gbé e sókè bẹ́ẹ̀ títí ọkọ̀ fi kéré, títí ó fi kọjá ilé tó gbẹ̀yìn. Kò gbé e sẹ́nu. Láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n rí i tí àgbà náà na àtẹ́lẹwọ́ sí wọn, iná aláwọ̀ ewé sì tàn lórí àtẹ́rígbà ilẹ̀kùn.

"Òǹtẹ̀ ti dé," ni Òṣùwọ̀n wí láti inú ilé. "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Mosúnmọ́lá jókòó lórí pákó, ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Òórùn ọ̀sà dùn mọ́ ọn nímú. Ó ń wo ẹ̀yìn ọkùnrin náà tó gbòòrò, ó sì ń ronú pé gbogbo ọgbọ́n tí òun ti ń wá láti ọjọ́ yìí, ńṣe ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tó ń retí kí ẹnì kan kúnlẹ̀ bi í léèrè.

Kò pẹ́ tí ọkọ̀ mìíràn fi rọra gúnlẹ̀. Ó dára, ó ń dán, àmì Gbọ̀ngàn Àwọn Aṣètò sì wà ní imú rẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.

"Mosúnmọ́lá Adéṣìgbìn," ni ọkọ̀ náà wí, "a wá gbé yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé."

Dúródọlá yíjú sí i. "O ń lọ?"

"Rárá o, Bùọ̀dá. Mo wà níbí pẹ̀lú yín."

Ó rò ó. Ó wo ọkọ̀, ó wo Mosúnmọ́lá, ó tún wo ọkọ̀. Lẹ́yìn náà, ó mú okùn, ó so ó mọ́ imú ọkọ̀ náà, ó so orí kejì mọ́ òpó, kókó tó dára, kókó ẹ̀yẹ. Ó dúró tó ìwọ̀n ìgbà tó yẹ kí èèyàn dúró fún àlejò. Ó tú u, ó sì fi ẹsẹ̀ tì í.

"Èrò kò tíì wọlé," ni ọkọ̀ náà wí, bó ṣe ń kúrò létí pákó. "Ẹ jọ̀ọ́, èrò kò tíì wọlé o..."

"Ó dàbọ̀," ni Dúródọlá wí fún un.

Ṣówándé di ikùn mú, ó ń rẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti fara ti ògiri. Ohùn ọkọ̀ náà ń kéré sí i lórí omi, ó ṣì ń ṣàròyé. Dúródọlá gbé ọwọ́ sókè títí ọkọ̀ òfìfo náà fi kọjá ilé tó gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ló ká okùn, ó gbé e kọ́ èjìká, ó sì di ilẹ̀kùn mú kí Mosúnmọ́lá kọ́kọ́ wọlé.